Kí a tó kó ọmọ lọ sí Hallstatt

Àsìkò ìsinmi ilé-ìwé ń bọ̀, àwọn ọmọ wa tí a ń tọ́ ní Ìlú Ọba níbí sì ti ń gbé fóònù sún mọ́ wa lójú: ilé onípákó tó tò sí etí adágún, ṣọ́ọ̀ṣì tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, òkè ńlá tó dúró lẹ́yìn ìlú. Hallstatt ni, ní orílẹ̀-èdè Austria. Àbíkẹ́yìn mi wo fọ́tò náà títí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé èèyàn ń gbé ibẹ̀ lóòótọ́?" Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú tíkẹ́ẹ̀tì àti hótẹ́ẹ̀lì nínú ètò ìrìn àjò yìí.

Èèyàn ń gbé ibẹ̀. Wọn ò tó 800. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ nígbà ooru, àlejò tó ń wọ ìlú náà lójúmọ́ kan lè tó 10,000. Ìlú ọ̀hún ò sì fẹ̀, àárín omi àti òkè ló há sí. Títí di nǹkan bí ọdún 1890, ọkọ̀ ojú omi tàbí ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró lèèyàn fi ń dé ibẹ̀. Pẹ̀lú èrò tó ń wọ̀ ọ́ báyìí, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe òkú ní agboolé yín lójoojúmọ́, tí ìlù ò dákẹ́, tí àwọn tó wá jẹun ò sì mọ ẹni tó kú.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn onílé. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ṣòfin pé bọ́ọ̀sì tó ń kó àlejò gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ kó tó wọlé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n fi pákó dí ojú ibi tí gbogbo ayé ti ń ya fọ́tò. Àwọn èèyàn pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì yọ ọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, àwọn ará ìlú fúnra wọn jáde ṣe ìwọ́de, wọ́n ní kí wọ́n dín àlejò àti bọ́ọ̀sì kù. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ká tó gbéra pé ilé onílé là ń lọ, àti pé ó ti rẹ onílé.

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé àwọn ti sanwó. Owó tí a san, iyàrá hótẹ́ẹ̀lì la fi gbà, a ò fi ra fèrèsé ará àdúgbò. Nítorí náà, ọmọ kì í jókòó sí àtẹ̀gùn ilé ẹni tí kò mọ̀. Kì í ṣí géètì ọgbà ọlọ́gbà nítorí òdòdó tó wà nínú rẹ̀. Kì í yọjú wo ìdí àwo oúnjẹ ẹni. Bí ọkọ̀ yín bá sì jẹ́ ti ìdájí, ẹ gbé báàgì onítáyà yín lọ́wọ́, ẹ má wọ́ ọ lórí òkúta. Àwa Yorùbá, ohùn wa máa ń lọ sókè bí inú wa bá dùn, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi máa ń gbé ohùn, òkè a sì dá a padà, ẹni tó ń sùn ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ.

Ní ti ìkíni, ọmọ wa ò ní rí ohun tó ṣàjèjì. Ní ìgbèríko Austria, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù á kọ́kọ́ kí oníṣọ́ọ̀bù pé "Grüß Gott" kó tó béèrè ọjà. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kì í wọlé bá àgbà kó dákẹ́, iṣẹ́ ti bùṣe lára rẹ̀. Àwọn tèmi ń fi kí ara wọn nídìí oúnjẹ àárọ̀ báyìí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ibi tó gba sùúrù jù lọ ni ilé eegun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Ilẹ̀ ìsìnkú wọn kéré púpọ̀. Láyé àtijọ́, bí òkú bá ti lo bí ọdún 10 sí 15 nínú sàréè, wọ́n máa ń hú eegun rẹ̀, wọ́n máa ń fọ̀ ọ́, wọ́n máa ń sá a títí yóò fi funfun, wọ́n á wá gbé agbárí rẹ̀ sínú ilé náà kí ẹlòmíràn lè rí ibi sinmi. Láti nǹkan bí 1720 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà kọ orúkọ olóògbé sí iwájú agbárí, wọ́n sì máa ń ya ewé óákù tàbí òdòdó róòsì yí i ká. Agbárí tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000, èyí tí wọ́n kùn nínú rẹ̀ sì lé ní 600. Ìdílé ìdílé ni wọ́n tò wọ́n. Èyí tó dé kẹ́yìn jẹ́ ti obìnrin kan tó kú ní 1983, tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1995, torí ó ti sọ pé ibẹ̀ lòun fẹ́ wà.

Mo mọ òbí tó máa ní kí a fo ibẹ̀ kọjá, pé nǹkan òkùnkùn ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé bàbá-ńlá wọn wà nínú sàréè tó wà níwájú ilé wa ní Ìjẹ̀bú, tí àwọn ọmọ agboolé ń jókòó lé lórí jẹ àkàrà láàárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀rù. Ará Hallstatt kò jẹ́ kí òkú rẹ̀ jìnnà sí òun, àwa náà kò jẹ́ kó jìnnà sí wa. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí nílé kò ní rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kò sì ní sunkún. Àwọn tó kéré jù, tí òkú ẹbí ṣì tutù lọ́kàn wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lóde pẹ̀lú ẹnì kan.

Lókè ìlú ni ibi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ láti bí 7,000 ọdún wà. Inú rẹ̀ tutù nígbà gbogbo, bíi 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ mú súwẹ́tà dání. Wọn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 wọlé. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn pákó tí wọ́n ń yọ̀ lórí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èyí tó gùn jù lọ tó mítà 64. Kí wọ́n yọ̀ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn wo àkàsọ̀ onígi tí wọ́n rí ní ọdún 2003, èyí tí wọ́n gé igi rẹ̀ ní 1344 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn onímọ̀ rí bàtà awọ tí kò lè gba ẹsẹ̀ àgbà nínú ihò yẹn. Eegun àwọn ọmọ tí wọ́n sin sítòsí rẹ̀ sì fi hàn pé láti kékeré ni wọ́n ti ń ru ẹrù wúwo. Iyọ̀ la fi kan ètè àwọn ọmọ tiwa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ pé kí ayé wọn dùn. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ti fi ẹ̀yìn wọn gbé iyọ̀ kí ilé wọn tó jẹun.

Ètò tó kù ò le. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen. Ó pẹ́ tán, ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò ni kí ẹ ti fìwé sílẹ̀, kí ìbánigbófò yín sì tó €30,000. Láti Vienna tàbí Salzburg, ẹ máa pààrọ̀ rélùwéè ní Attnang-Puchheim. Òdì kejì adágún ni ibùdó rélùwéè wà, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé yín sọdá. Ọkọ̀ náà kì í ṣiṣẹ́ di òru, ẹ yẹ àkókò rẹ̀ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìsinmi oṣù Kẹwàá ni mo fara mọ́ ju ti ooru lọ. Ẹ sùn níbẹ̀, ẹ ra búrẹ́dì wọn, ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ wọn. Àlejò tó wá ya fọ́tò tó sì lọ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún wọn ju ariwo lọ.

Fóònù ló kù tí a ò tíì fẹnu kò lé lórí. Èmi ní a kì í ya fọ́tò ẹnikẹ́ni níwájú ilé rẹ̀ láìtọrọ àyè. Àkọ́bí mi ní òpópónà kì í ṣe ti ẹnì kan. Mo bi í bóyá ó máa gbà kí àjèjì ya ìyá ìyá rẹ̀ bó ṣe ń sá aṣọ, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó dá lórí bí fọ́tò náà bá dáa. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti lé ní ọdún 13, ẹ bá mi dá sí i.