Wọ́n Ní Ilé Náà Ti Lọ

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo pe ọ́fíìsì àwọn àpátímẹ́ǹtì kan lẹ́bàá Westheimer, níbí ní Houston. Obìnrin tó gbé fóònù jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wá bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Alief ni mò ń gbé. Ó ní rárá, orílẹ̀-èdè wo? Mo sọ fún un. Ó ní kí n má bínú, ẹnìkan ti gbà á láàárọ̀.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń jẹ ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gba nọ́ńbà náà, ó fi ohùn Texas rẹ̀ pè wọ́n. Wọ́n ní kó máa bọ̀ kí agogo márùn-ún tó lù.

"Mọ́mì, ṣé ilé kan náà ni?"

Nọ́ọ̀sì ni mí o. Owó tó ń wọlé fún mi lóṣù ju ìlọ́po mẹ́ta owó ilé tí wọ́n máa ń béèrè lọ. A ò tiẹ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Òfin sì wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1968, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, ni Ààrẹ Lyndon Johnson, ọmọ Texas gan-an, fọwọ́ sí Fair Housing Act. Onílé kò gbọdọ̀ torí orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá fi ilé dù ú. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ní ọdún kan láti fẹjọ́ sun HUD. Ohun tí ọmọ mi ṣe yẹn, àwọn olùṣèwádìí náà ń ṣe é: èèyàn méjì, ìbéèrè kan náà, wọ́n á fi ìdáhùn wéra. Mo kọ àkókò ìpè méjèèjì sẹ́yìn ìwé owó iná.

Bàbá mi ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Mushin, èmi ni mo máa ń ṣí géètì. Bí ẹni tó ń wá yàrá bá ti la ẹnu tí èdè rẹ̀ jọ ti Ìgbò, Bàbá á ṣẹ́jú sí mi, èmi á ní yàrá ti tán. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré. Mo máa ń fi "ẹ má bínú, sà" kún un. Ọkùnrin kan mú ìyàwó rẹ̀ tó lóyún wá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ó ń wo wíńdò yàrá tó ṣófo náà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ mi bá mi tẹ ẹ̀sùn náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń ṣe irú èyí ní Nàìjíríà.

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ parí eléyìí ná.