Ara Ló Ń Fọhùn ní Ìgbómìnà

Inú mọ́tò tí a wọ̀ ní Ìlọrin ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ijó àwọn ará Ṣáínà hàn mí. Ijó ló ń kọ́ ní yunifásítì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í kúrò lára Tao Ye, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Chongqing lọ́dún 1985, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ oníjó TAO sílẹ̀ ní Beijing lọ́dún 2008. A ò tíì dé Ìdọ̀fíàn tó ti na fóònù sí mi. Àwọn oníjó náà nà gbalaja sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: á gbé àyà sókè, á yí ìbàdí, á tún dá wọn padà. Kò sẹ́ni tó dìde. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín tàbí tó fajú ro. Mo wò ó títí.

"Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Àǹkù, wọ́n ti ń jó tipẹ́."

8 ni orúkọ ijó náà. Nọ́ḿbà ni Tao Ye fi ń pe iṣẹ́ rẹ̀, 2, 4, 5, 6, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí òǹwòran má baà ti gbé ìtàn kan sọ́kàn kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ náà gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà níbi àjọ̀dún ijó ti Venice, ní Ítálì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí ń bá mi fà ni pé ara nìkan tó. Ijó kò nílò ìtàn, kò nílò ojú, kò nílò ọ̀rọ̀ ẹnu. Èmi ò gbà. Àríyànjiyàn náà la bá kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, awakọ̀ sì bá wa dá sí i: ó ní ijó tí kò bá ti sí orin Sunny Adé ńbẹ̀, eré ìdárayá ni.

Ní Èsìẹ́, a kọ́kọ́ yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i, nítorí àwọn ère òkúta tó ju ẹgbẹ̀rún lọ tó wà nínú igbó ìlú náà. Ọdún 1933 ni Ramshaw, tó ń bẹ ilé-ìwé ìjọ CMS wò, gbé ìròyìn wọn dé etí ìjọba. Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n ní tiwọn tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé, wọ́n sì ń ṣe ọdún ère títí dòní. Àwọn àgbà ìlú a máa sọ pé ènìyàn ni wọ́n nígbà kan, àlejò tó dé tó di òkúta.

Ẹ bá mi wò wọ́n. Àwọn kan kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọn kan fi díẹ̀ ju mítà kan lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jókòó lórí àpótí. Ẹni tó mú idà dání gbé e ti èjìká, ọwọ́ kejì wà lórí orúnkún. Irun dídì wọn ga, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró ni àwọn tí orí wọn ti kán kúrò, wọ́n sì pọ̀. Kò sí ojú, kò sí ẹnu, kò sí ilà tí èèyàn lè fi mọ ìdílé wọn. Síbẹ̀ o wo ìjókòó wọn, o mọ̀ pé ẹni ńlá ni. Kò sí èyí tó jókòó bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sẹ́yìn, ó wá òkúta kan níta, ó jókòó sórí rẹ̀ bí wọ́n ti jókòó: ẹ̀yìn ṣánṣán, àgbọ̀n gbé sókè díẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún. Kò pẹ́ tí mo fi rí i tí ikùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ nínú ìjókòó tó báyìí, pé ọ̀pá ẹ̀yìn tí Tao Ye ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lé lórí náà ni agbẹ́gilére yìí ti gbẹ́ sínú òkúta láti ọjọ́ tó ti pẹ́. (Agbẹ́kúta ni, mo mọ̀; bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.) Mo dákẹ́. Ní Èsìẹ́, mo fún un ní ìdajì ẹjọ́ náà.

Òmù-Àrán ni mo ti fẹ́ gba ìdajì tèmi padà. Wọ́n ń fi ẹnìkan joyè, a sì ti gbọ́ pé Ẹlẹ́wẹ máa jáde. Kò sí ọmọ Ìgbómìnà tí kò mọ Ẹlẹ́wẹ, egúngún tí òkìkí ijó rẹ̀ ti kọjá ilẹ̀ wa. Àwọn obìnrin dúró síbi tó yẹ kí wọ́n dúró sí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú àtòrì dání ń tún agbo ṣe. A kì í bèèrè ẹni tó wà nínú ẹ̀kú. Bí mo tilẹ̀ bèèrè, ta ni yóò dá mi lóhùn? Àwọ̀n bo ojú, aṣọ bo ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Àwa tí a ń wòran kò rí ẹran ara kan.

Ìyáàlù bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé ẹni tó ń joyè. Egúngún dúró, kò mira. Ó jẹ́ kí onílù sọ gbólóhùn kan tán, ó wá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ́rẹ́, ní ibi tí gbólóhùn náà parí sí. Onílù tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí ẹsẹ̀ kò dúró de ìparí: ó gé e mọ́ ọn lẹ́nu, ó yí bírí, aṣọ fẹ́ kiri, èjìká òsì sì ń gbọ̀n lẹ́yìn tí gbogbo ara yòókù ti dúró. Agbo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti rẹ́rìn-ín kí ìlù tó sọ̀rọ̀ náà tán, nítorí ó ti mọ ibi tí oríkì ọ̀hún ń lọ, ó sì ti rí i pé ẹsẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Gbígbọ̀n èjìká yẹn, àwàdà ni. Ó ń fi ìjòyè náà ṣe yẹ̀yẹ́ tó dùn mọ́ ìjòyè fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo ń bá ọmọ yìí jiyàn lé lórí nìyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Omofolabo Ajayi-Soyinka kọ odidi ìwé lórí ijó Yorùbá lọ́dún 1998, lórí bí ìdúró àti ìrìn ara ṣe ń jẹ́ àmì tí èèyàn lè kà. Àmì náà wà, ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, ìlù tó ń fi ohùn èdè sọ̀rọ̀ ló sábà máa ń bá a rìn. Wọ́n bo ojú ní Òmù-Àrán, wọn ò bo etí. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rí ijó tó dáa. Kò ní rí ìdí tí ìyá yẹn fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí bàbá tó lu ìyáàlù, ó sì gbé fóònù sí i lọ́wọ́. Bàbá wò ó.

"Ta ló ń lùlù fún wọn?"

"Orin wà ńbẹ̀, Bàbá, àmọ́ kì í bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ta wá ni wọ́n ń dá lóhùn?"

Kò dúró de èsì. Ó fa ìlù mọ́ra, ó sì fi kí wọn pé kí wọ́n dìde, ilẹ̀ ti mọ́. Wọn ò dìde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn ò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó sún fóònù mọ́ ojú, ó ní ká dá a padà sẹ́yìn. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì láìsọ̀rọ̀, ó wá fi ìka kan ọ̀kan nínú àwọn oníjó náà.

"Èyí ni olórí wọn. Ó ń mí kí àwọn tó kù tó mí. Èémí rẹ̀ ni wọ́n ń jó."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wo fídíò náà láìmọye ìgbà, gba fóònù padà, ó sì tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá òótọ́ ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wò ó ná. Bàbá ní kò sí wàhálà, tí wọ́n bá ń bọ̀ ní Òmù-Àrán, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé onílù bọ̀, òun wà ńlẹ̀. Kí wọ́n sáà mú owó onílù dání.