Yekini Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ to àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà jọ, ti àtijọ́ àti ti òde òní, Rashidi Yekini ni kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Góòlù 37 ló jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí. Ìgbà náà ni kó tó béèrè pé: ta ni yóò máa gbé bọ́ọ̀lù wá bá a?

Àríyànjiyàn ọjọ́ pípẹ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí, ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń lẹ táyà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ń ya pápá sí, nọ́ọ̀tì táyà la fi ń ṣe agbábọ́ọ̀lù. Kí a tó ṣẹ́jú, nọ́ọ̀tì ti kún iwájú: Okocha, Kanu, Amokachi, Mikel, Ọdẹ́gbàmí. Ẹ̀yìn á wá ṣófo. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù rí, mo sì mọ ohun tí ojú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rí: bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tí yóò lé e.

Ẹ rántí Dallas, ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 1994. Finidi ló gba ọwọ́ ọ̀tún, ó fi bọ́ọ̀lù gba ilẹ̀ kọjá iwájú ilé, Yekini sì tì í wọlé. Ó sáré wọnú àwọ̀n, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń sunkún, ó ń ké. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Mẹ́ta sódo la fi na Bulgaria, Okocha kò sì sí lára àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ eré. Oliseh àti Siasia ni Westerhof, olùkọ́ni ikọ̀ wa nígbà náà, fi sí àárín.

Mi ò fi ìyẹn bu Okocha kù o. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ikọ̀ tèmi, lẹ́yìn Yekini gan-an. Àmọ́ kí Oliseh àti Muda Lawal wà lẹ́yìn rẹ̀, kó lè rí ààyè dá àrà. Ní ti Mikel, iwájú àwọn adènà ni Chelsea fi í sí, àwa ń fà á síwájú. Oliseh ni mo mú ní ipò yẹn.

Ibi tó le jù ni ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n wà ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980, nígbà tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ góòlù méjì tí Lawal sì jẹ ẹ̀kẹta sílé Algeria nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ rí Ọdẹ́gbàmí ni?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa, ta ni yóò sáré padà wá ran ẹ̀yìn lọ́wọ́ bíi Finidi?” Ó kó nọ́ọ̀tì rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tún máa dá mi lóhùn bí mo bá kí i, ó sì dùn mí dọ́kàn, torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò yọ Finidi. Amuneke wà lápá òsì, òun náà kò ṣe é yọ.

Kanu ni yóò jókòó. Bí eré bá ku ogún ìṣẹ́jú tí a kò tíì jẹ góòlù, kó wọlé dípò Okocha, kí ó máa fi orí àti àyà gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún Yekini.