Òṣùwọ̀n Wo Ni Wọ́n Fi Ṣa Orin?

Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà fúnra rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi ṣa iṣu. Ẹni tí ó bá rán ọmọ lọ, iṣu tí ojú ọmọ bá rí ni yóò jẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn àwo àṣàyàn rí, èyí tí àwọn oníṣòwò orin máa ń kó jọ nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin kan bá ti kọrin títí, tí wọn á wá ní, "Ẹ gbà, èyí tí ó dára jù nínú orin wọn nìyí." Àwa tí à ń gbọ́ ọ kọ́ ni a ṣà á. Ẹlòmíràn ni ó bá wa lọ sí ọjà. Nítorí náà ó yẹ kí á bi í léèrè pé: òṣùwọ̀n wo ni o lò?

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí mo mọ̀ dáadáa nínú irú àwo bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni 1, ẹgbẹ́ The Beatles ni ó sì ni ín. Ọkùnrin mẹ́rin láti ìlú Liverpool ni wọ́n: John Lennon, Paul McCartney, George Harrison àti Ringo Starr. Ní 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé rẹ́kọ́dù jáde, ní 1970 ni wọ́n tú ká. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, ni 1 jáde pẹ̀lú orin 27, òun ni ó sì tà jù nínú gbogbo àwo orin ní Amẹ́ríkà láti 2000 títí di 2009. Ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó fún mi ní tèmi nígbà tí mo wọ Yunifásítì. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ìgbà tí orin kan yóò dákẹ́ kí òmíràn tó gba ẹnu rẹ̀.

Òṣùwọ̀n àwọn tí ó ṣà á kò fara sin rárá. Orin tí ó bá gba ipò kìíní lọ́jà ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà ni ó wọlé. Èyí tí kò bá gbà á, ìta ni yóò dúró. Mo yìn wọ́n fún èyí, nítorí kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Bí ọdún ti tẹ̀ lé ọdún ni wọ́n sì to orin náà, láti "Love Me Do" ti 1962 títí dé "The Long and Winding Road" ti 1970. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá jókòó gbọ́ ọ yóò rí i bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọrin ìfẹ́ sí ọmọge ti ṣe dàgbà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí yóò fi di 1966 wọ́n ti ń kọ "Eleanor Rigby," orin àwọn tí kò ní ẹnì kan, láìsí gìtá, láìsí ìlù, bí kò ṣe àwọn mẹ́jọ tí ń ta ohun èlò olókùn bí ẹni ń ta gòjé. Ohun ìyanu ni, ẹ̀yin òǹkàwé.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí kò mọ ojúsàájú, kì í mọ àánú pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 1967 wọ́n gbé rẹ́kọ́dù kékeré kan jáde. "Penny Lane" ti Paul wà ní ojú kan, "Strawberry Fields Forever" ti John wà ní ojú kejì, àwọn méjèèjì sì ń rántí àdúgbò tí wọ́n ti ṣe ọmọdé ní Liverpool. Ìbejì ni àwọn orin yìí. Ní Ìlú Ọba, ipò kejì ni wọ́n gbà, nítorí "Release Me" tí Engelbert Humperdinck kọ jókòó sí ipò kìíní, kò sì dìde fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, ojú rẹ́kọ́dù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà lọ́tọ̀: "Penny Lane" gba ipò kìíní, èkejì rẹ̀ kò kọjá ipò kẹjọ. Báyìí ni Táíwò ṣe wọlé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Kẹ́hìndé, ẹni tí àwa Yorùbá ń pè ní ẹ̀gbọ́n, síta. Bẹ́ẹ̀ ni "Strawberry Fields Forever" ni a ti rí ọgbọ́n wọn jù: ìgbà méjì tí wọ́n kọ ọ́, tí ìyára àti ohùn wọn kò dọ́gba, ni George Martin àti Geoff Emerick so pọ̀ di ẹyọ orin kan.

Ẹ tún wo "Please Please Me" ti 1963. Ìwé ìròyìn New Musical Express àti Melody Maker fi í sí ipò kìíní. Record Retailer fi í sí ipò kejì. Ti Record Retailer ni wọ́n tẹ̀ lé, orin náà sì pàdánù. Nọ́ńbà pàápàá, ọwọ́ ẹni tí ń kà á ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Orin orí rẹ́kọ́dù kékeré ni ó ń du ipò, ṣùgbọ́n inú rẹ́kọ́dù ńlá ni ẹgbẹ́ yìí kó èrò wọn tí ó jinlẹ̀ sí. Nínú Rubber Soul ti 1965, nínú Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band ti 1967, àti nínú èyí aláwọ̀ funfun ti 1968, bí wọ́n ti tẹ̀ wọ́n ní Ìlú Ọba, ẹyọ orin kan kò sí nínú 1. Ti George Harrison, "Something" nìkan ni. Orúkọ Lennon àti McCartney ni ó wà lára 26 yòókù. Ẹni tí ó bá gbọ́ 1 nìkan yóò rò pé George kàn ń gbé gìtá tẹ̀ lé wọn kiri ni.

Orin kan tún wà tí ó kan àwa ọmọ Nàìjíríà. Jimmy Scott, ọmọ Urhobo tí wọ́n bí ní Sapele, ń lu kóńgà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu rẹ̀ sì ni Paul ti gbọ́ gbólóhùn tí ó di "Ob-La-Di, Ob-La-Da" ní 1968. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ ọ́ pé èdè Yorùbá ni. Èmi tí mò ń kọ́ nípa èdè kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí sílébù Yorùbá tí "b" ń parí, bẹ́ẹ̀ ni "b" àti "l" kì í so mọ́ra láìsí fáwẹ́lì láàárín wọn. Kí á má ṣe gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Orin yìí dé ipò kìíní ní Ìlú Ọba ní oṣù kìíní ọdún 1969, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Marmalade ni ó gbé e débẹ̀. Nítorí náà kò sí nínú 1.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní mo ń wá ẹ̀sùn sí àwo tí kò ṣẹ̀. Ó ní, "Ohùn ọjà ni ohùn ènìyàn. Bí gbogbo ayé bá fi owó wọn sọ̀rọ̀, ta ni ìwọ?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí akọrin tí ọjà bá kọ̀, ebi ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rà ní ọ̀sẹ̀ kan ni ipò kìíní ń sọ, àti ẹni tí orin náà bá pàdé lọ́jà lọ́sẹ̀ náà. Bí kò bá sí "Release Me" lọ́nà, Kẹ́hìndé ìbá wọlé láìjẹ́ pé ohùn kan yí padà nínú rẹ̀.

Àṣàyàn mìíràn ti jáde ní 1973, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, orin 54 lápapọ̀. Ojú ènìyàn ni wọ́n fi ṣa ìyẹn. Ìbejì méjèèjì wà níbẹ̀, "In My Life" àti "A Day in the Life" wà níbẹ̀, orin Jimmy Scott náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nínú orin 26 inú èyí pupa, kò sí ọ̀kan tí George ṣe. Ní 2023 ni wọ́n tó fi kún un, tí gbogbo rẹ̀ di 75, tí "Taxman" rẹ̀ sì wọlé. Àléébù ojú ènìyàn ṣeé tún ṣe, nítorí a lè bá aláṣàyàn jiyàn. Ta ni yóò bá nọ́ńbà jiyàn?

Ìdájọ́ mi nìyí: bí a bá fẹ́ ìtàn ohun tí ọjà rà, 1 pé, bí ó bá jẹ́ àwòrán ẹgbẹ́ náà ni a fẹ́, ìdajì ni. Ẹ fún ẹni tí kò gbọ́ wọn rí, kí ẹ sì fi Rubber Soul tẹ̀ lé e kíákíá.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń gbèrò láti ṣa àwọn iṣẹ́ tí ó dára jù nínú ìwé yìí jọ, àti pé wọ́n ní kí á mú àwọn ewì tí a pàtẹ́wọ́ fún jù ní ìpàdé. Mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó dáadáa. Àròkọ tí ènìyàn ń dá kà lórí ibùsùn kì í gba pàtẹ́wọ́. Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta tí ó létí, tí ó lójú. Kí wọ́n kọ òṣùwọ̀n wọn àti orúkọ wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí á lè mọ ẹni tí a ó bá jiyàn. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa kò ní ka gbogbo ìwé wa. Ohun tí a bá ṣà ni wọn yóò fi mọ̀ wá.