Ẹni Tó Fọwọ́ Síwèé Ti Sùn

Dókítà lọkọ mi. Òun fúnra ẹ̀ ló yàn pé tí òun bá kú, kí wọ́n má sin òun, kí wọ́n gbé òkú òun fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà fi mọ bí inú ara ṣe rí. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ló máa ń ní akọni ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òun ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju kó fi bírò kọ orúkọ ẹ̀ sórí ìwé lọ. Èmi ni mo pe fóònù nígbà tí òkú wà nílẹ̀, èmi ni mo kúnlẹ̀ fún ẹbí, èmi ni mo ṣe opó láìní ibojì tí mo lè nawọ́ sí. Àwọn èèyàn wa níhìn-ín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè nípa irú ẹ̀bùn yìí báyìí, mo sì rí i pé ẹni tó fẹ́ fọwọ́ síwèé nìkan ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ bá ìyókù sọ ọ́.

Ó pẹ́ kí ọkọ mi tó sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní nǹkan bí ọdún 1975, òkú kan ni wọ́n pín fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n máa là. Fomalíìnì á máa ta wọ́n lójú, omijé á máa dà. Bí wọ́n bá jáde lọ jẹun, òórùn ẹ̀ á ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Apá ni wọ́n kọ́kọ́ là, lẹ́yìn náà àyà, ikùn àti ẹsẹ̀. Orí ló kẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n dé orí ló tó fara balẹ̀ wo ojú ọkùnrin náà. Àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀, irú èyí gan-an tó wà lójú bàbá tó bí bàbá ọkọ mi l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n sì ti sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó wá gba òkú ẹ̀, kò lẹ́nì kan. Ọkọ mi ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà há sí òun lọ́fun. Ẹni tó bá ní ilà lójú, ẹnì kan ló dì í mú nígbà tí olóòlà ń fa abẹ, ẹnì kan ló ro omi ìgbín sójú egbò náà. Báwo lẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ẹni tí kò lẹ́nì kan?

Bí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nílé ṣe ń rí òkú fi kọ́ni nìyẹn: àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà ní mọ́ṣúárì, tó fi mọ́ àwọn tí ọlọ́pàá gbé wá pé adigunjalè ni. Ní 2021, BBC gbé ìtàn ọmọkùnrin kan jáde tó kọ́ ìṣègùn ní Calabar. Ó wọ yàrá tí wọ́n ti ń la òkú, ó sì bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí tábìlì, ojú ọta ìbọn wà láyà ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn ẹbí ọ̀rẹ́ náà ń wá a kiri láti tésàn ọlọ́pàá kan dé òmíràn. Ọkọ mi ka ìròyìn náà tán, kò sọ nǹkan kan. Ìwé kan ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ tipẹ́ tí kò fọwọ́ kàn. Ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n bá òun pe aládùúgbò wa wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2004 kò fàyè gba màgòmágó lórí fífi ara ẹni tọrẹ báyìí. Ẹni tó ni ara ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé fúnra ẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, nígbà tí ojú ẹ̀ ṣì là. Ìyàwó ò lè bá ọkọ ṣe é lẹ́yìn ikú, ọmọ ò lè bá bàbá ṣe é. Nílé náà, Òfin Ìlera ti 2014 gbà kéèyàn fi ara ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún, tàbí nínú ìwé mìíràn níwájú ẹlẹ́rìí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì pàdé ẹni tó ṣe é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà nínú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ilé ẹ̀kọ́ lè ní àwọn ò gbà. Bí ìjọba bá ní kí wọ́n la òkú wò láti mọ ohun tó pa á, wọn ò ní gbà á. Bí wọ́n bá ti yọ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ fún aláìsàn mìíràn ńkọ́? Wọn ò sábà gbà á, àfi tó bá jẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó wà níwájú ẹyinjú. Àrùn tó lè ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ara wíwú, sísanra jù, gbogbo ẹ̀ ló lè fà á. Àyè sì lè kún. Nítorí náà, ẹ má ṣe ná owó ìsìnkú.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lọkọ mi kú, àìsàn ọkàn ló pa á. Ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣí ní Sátidé àti Sọ́ńdè. A gbé òkú sínú fìríìjì ilé àwọn tó ń tọ́jú òkú, mo sì ń retí Mọ́ńdè. Nígbà tó di Mọ́ńdè, obìnrin tó gbé fóònù náà kí mi kú àjálù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè: báwo ló ṣe wúwo tó, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ṣé egbò wà nídìí ẹ̀? Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nípa àwọn aláìsàn ẹlòmíràn títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò mọ̀ pé wọn yóò fi wọ̀n ọkọ mi lójú mi bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó sọ pé ó yẹ.

Ṣùgbọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹbí. Bàbá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán lórí fóònù, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ìyàwó, èló ni wọ́n fẹ́ fún yín?"

Orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo kúnlẹ̀ sí, bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. Inú bí mi nígbà yẹn, kò bí mi mọ́. Ẹni tó ń gbé ibi tí wọ́n ti ń gé orí èèyàn tà fún olóògùn owó, kí ni kó tún kọ́kọ́ béèrè? Àwọn òyìnbó náà sì ta òkú rí. Ní Edinburgh ní 1828, William Burke àti William Hare pa èèyàn mẹ́rìndínlógún, wọ́n tà wọ́n fún Dókítà Robert Knox tó ń kọ́ni ní ìṣègùn. Wọ́n so Burke kọ́ ní 1829, wọ́n la òun náà, egungun ẹ̀ sì wà ní yunifásítì ìlú náà títí dòní. Hare jẹ́rìí lòdì sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1832 láti fòpin sí irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ṣe ju pé ó fún àwọn dókítà láyè láti máa gba òkú àwọn tálákà tó kú sílé tí ìjọba ń kó aláìní sí láìsí ẹbí tó wá gbà wọ́n. Lójú tèmi, ọkùnrin alábàjà yẹn àti àwọn tálákà wọ̀nyẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Owó kankan ò wọ ọwọ́ mi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n kí n gbé àbúrò àwọn wálé.

Ìyá Àgbà, tó jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ mi, ló yanjú ẹ̀. Fóònù dé ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ta ló ń gbé òkú láti ìdálẹ̀ wálé láyé àtijọ́? Ẹni tó bá kú sí ìrìn àjò, irun àti èékánná ẹ̀ là ń rí. Kí ìyàwó gé irun, kó gé èékánná, kó fi ránṣẹ́ sí wa. Ìyókù, kí wọ́n jẹ́ kó ṣe bó ṣe ní òun fẹ́ ṣe." Ẹnikẹ́ni ò tún sọ̀rọ̀.

Mo padà sílé àwọn tó ń tọ́jú òkú pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó tó wà níbẹ̀ bi mí bóyá n ó fẹ́ àpótí kékeré olówó iyebíye tí wọ́n ń kó irú ẹ̀ sí. Mo ní àpò lẹ́tà ti tó. Ọkọ mi pá lórí, kì í fẹ́ ká sọ ọ́, nítorí náà ìpàkọ́ àti irùngbọ̀n ni mo ti rí irun gé. Èékánná ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ gùn ju tòsì lọ. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń lọ sílé ló bá mi gbé e. Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n pa màlúù, wọ́n dá aṣọ, gbogbo ohun tó yẹ òkú àgbà ni wọ́n ṣe.

Níhìn-ín, ìsìn ìdágbére láìsí pósí la ṣe. Fọ́tò ẹ̀ ló wà níwájú. Àwọn kan ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tó ń retí kí wọ́n gbé nǹkan wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kì í kọ̀wé sọ ibi tí wọ́n dé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìsìn ọpẹ́ fún àwọn tó fi ara wọn tọrẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń wá. Mo bi ọmọbìnrin kan lára wọn bóyá wọ́n máa ń mọ orúkọ. Ó ní rárá o, ọjọ́ orí àti ohun tó pa wọ́n nìkan ni wọ́n ń sọ fáwọn. Mo sọ fún un pé tèmi náà la òkú rí. Ó fẹ́ mọ ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, ọ̀rọ̀ wa sì di ọ̀rọ̀ ìdánwò.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún Bàbá Ìbàdàn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣe tán, wọ́n sun ún, gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Eérú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Àbúrò wọn tó wà nínú ilẹ̀ ilé bàbá wọn ti tó wọn, mi ò sì rí ìdí tí n ó fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ irọ́, mo gbà á.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá èmi náà ti fọwọ́ sí tèmi. Mi ò tíì ṣe é. Mo fẹ́ ẹ, mo gbà pé ó dára, ìwé náà wà nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ wa obìnrin, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gbogbo ọjọ́ tí à ń dúró de Mọ́ńdè yẹn, ní òun ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sin yín." Òun ni yóò pe fóònù. Òun ni yóò bá ẹbí sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún un pé a ó tún jọ sọ ọ́ tó bá yá, òun náà sì ti ní ohun tí òun sọ náà ni òun ó tún sọ.