Ilé wà lórí igi l'Ékòó, ṣùgbọ́n igi ni láńlọ́ọ̀dù!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ọ̀nà Lẹ́kí kọjá lọ s'Ájáh lójoojúmọ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè wo ẹ̀gbẹ́ yín, igbó kan wà níbẹ̀ o, lọ́kànkán iléeṣẹ́ Chevron. Igbó gidi ni, hẹ́kítà 78. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ń bójú tó o, ọdún 1990 ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Ọ̀nì wà nínú irà rẹ̀, ọ̀bọ ń fò lókè, ọ̀kín ń rìn kiri bí ìyàwó olówó. Bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń sáré ta omi tútù láàárín ọkọ̀ kò jìnnà sí wọn rárá!

Afárá tí wọ́n kọ́ gba òkè igi kọjá níbẹ̀ ní 2015, tó gùn ní mítà 401, lòkìkí rẹ̀ kàn jù. Òun làwọn ọmọge ń tìtorí ẹ̀ wá ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dán àyà wò gan-an ni ilé orí igi. Wọ́n ní ó ga tó bíi mítà 21, ìyẹn bí ilé alájà méje, àkàbà lèèyàn sì ń gùn débẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún àlejò, ẹ lọ dúró sídìí igi yẹn kẹ́ ẹ wòran. Ẹni tó ti ń pariwo láti géètì pé òun ò bẹ̀rù nǹkan kan, tó bá dé ìdajì, ohùn ẹ̀ á yí padà. Á rọ̀ mọ́ àkàbà bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá ẹ̀, á ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mí ná. Àwọn ọmọ ẹ̀ tó wà lẹ́yìn á máa pariwo pé, "Dádì, ẹ máa gòkè!"

Tó bá wá dókè, tí atẹ́gùn fẹ́, igi á mì. Ilé náà á bá a mì. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ilé orí ilẹ̀, a fẹ́ kó dúró gbọn-in. Tí tòkè igi bá dúró gbọn-in, fífọ́ ló máa fọ́, torí igi ń mì, igi sì ń sanra. Ẹ ní kí káfíńtà kan kọ́ ọ sínú ọgbà yín, ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ṣe ni pé wọ́n á fi wáyà yí igi po, wọ́n á gbá ogún ìṣó sí i, ó parí. Wọ́n ti pa igi nìyẹn. Abẹ́ èèpo loúnjẹ igi ń gbà kọjá; tó bá ń sanra tí wáyà ò tú, wáyà ń fún un lọ́rùn ni. Irin bóòtì ńlá kan ṣoṣo tó wọlé dáadáa sàn ju ogún ìṣó lọ. Tó bá jẹ́ igi méjì ni ilé fẹ́ jókòó lé, kí wọ́n de ẹ̀gbẹ́ kan pa, kí ẹ̀gbẹ́ kejì wà lórí irin tó lè yọ̀ síwá sẹ́yìn, torí atẹ́gùn kì í ti igi méjì bákan náà. Níbi tí igi bá sì ti yọ láàárín pákó, kí àlàfo wà yí i ká.

Michael Garnier, ará Oregon l'Amẹ́ríkà tó ń gba àlejò sórí igi, wà lára àwọn tó ṣe irú irin ńlá bẹ́ẹ̀ jáde láàárín àwọn ọdún 1990. Garnier Limb ni wọ́n ń pè é. Ojú ọkùnrin yìí rí nǹkan! Ìjọba ìbílẹ̀ wọn ní kò gbọdọ̀ gba àlejò sórí igi, wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé kò ní wó. Ló bá kó èèyàn 66, ajá méjì àti ológbò kan sórí ilé igi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Kò wó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún fi fà á kí wọ́n tó gbà fún un.

L'Ékòó níbí, wàhálà tiwa yàtọ̀. Máńgòrò tàbí fúrúùtù tó wà lẹ́yìnkùlé, ojú ṣọ́ọ̀bù ni bàbá onílé fi ń wò ó. Wọ́n á ní ewé ẹ̀ ń dí gọ́tà. LASPARK ní èèyàn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó gé igi, àmọ́ ẹ ẹ̀ gbọ́ bí ayùn ṣe ń dún lọ́jọ́ Sátidé ni? Ilé pákó kékeré kan lè gba irú igi bẹ́ẹ̀ là, torí bàbá wo ló máa gbé ayùn tọ igi tí ọmọ ẹ̀ ń ka ìwé lórí ẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó kọ́kọ́ wo ìdí igi dáadáa. Tí olú bá hù síbẹ̀, tàbí ikán ti ń jẹ ẹ́, kó fi í sílẹ̀. Kó má tíì ronú mítà 21. Mítà méjì tó fún ọmọdé, pẹ̀lú ọgbà tó lágbára yí i ká. Pákó apá tàbí ti ìrókò ni kó rà, torí ikán kì í tètè rí wọn jẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìrókò tó ṣì dúró láàyè ló wà ní kóńpáǹdì yín, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé léèrè o. Àwọn kan ṣì gbà pé Olúwéré ti ń gbé ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé.