Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ìyá Ìyàwó?

Nọ́ńbà tí wọ́n fín sí iwájú lẹ́ńsì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 79. Lára àwọn lẹ́ńsì tó ti Soviet wá, ọdún tí wọ́n ṣe é ni nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń tọ́ka sí, nítorí náà mo kà á sí ọmọ 1979, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún Ṣàgàrí. Àárín ṣájà fóònù àti rédíò ni mo ti rí i, lórí tábìlì ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkòtún. Ó ṣì wà lẹ́nu kámẹ́rà Zenit kan tó ti kú.

"Àǹtí, kámẹ́rà yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́ o, àmọ́ ojú ẹ̀ ṣì ń ríran," ọmọkùnrin náà wí. ₦70,000 ni ó pè é.

Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó rí i. Helios 44-2 ni: 58mm, f/2, gíláàsì mẹ́fà nínú ikùn rẹ̀, irin ni gbogbo ara rẹ̀. Ara Biotar tí ilé iṣẹ́ Carl Zeiss ń ṣe ní Jena, ní Jámánì, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ni àwọn ará Soviet ti wo bí wọ́n ṣe máa tò ó, wọ́n sì ṣe é lọ súà fún kámẹ́rà Zenit, débi pé ó ṣì wà káàkiri ayé títí dòní. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwa ayàwòrán ìsinsìnyí ni pé bí a bá la ojú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, tí ewé igi sì wà lẹ́yìn ẹni tí à ń yà, ẹ̀yìn náà á máa yí po bí omi tó ń pòyì.

Mo yí òrùka rẹ̀ lọ, mo yí i bọ̀. Mo dá a padà sórí tábìlì, mo bá tèmi lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò ó.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun ní Alímọ̀ṣọ́. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye èèyàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn ọ̀hún. Ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà kúrò ní gbọ̀ngàn kan ní Ìgàndó lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Ìdímù, tó tún sáré dé abẹ́ ìbòòji tí wọ́n fi dí títì ní Ẹgbẹ́dá kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo tó ṣú, ló mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí. Sony a6000 ni kámẹ́rà mi. Pẹ̀lú lẹ́ńsì tí mò ń lò lórí rẹ̀, ó máa ń wá ojú èèyàn fúnra rẹ̀. Kí ìyàwó tó gbé ẹsẹ̀ ijó kejì, ó ti rí i. Helios ò mọ irú èyí. Ọwọ́ la fi ń yí i, ojú ẹni la fi ń wá ojú ẹni tí à ń yà. Níbi tí wọ́n bá ti ń ná owó fún ẹni tó ń jó, tí onígángan ń ta wọ́n jí, kí n tó yí i débi tó yẹ, owó ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti ṣà á.

Dídè é mọ́ kámẹ́rà tuntun kò ṣòro. Ṣe ni a ń yí ìdí rẹ̀ wọlé bí ìdérí ìgò, irú ìdè tí wọ́n ń pè ní M42, torí ó fẹ̀ tó mílímítà 42. Nínú kámẹ́rà àtijọ́, mílímítà 45.46 ni ó wà sí ibi tí fíìmù wà, torí dígí tó ń gbé àwòrán lọ sójú ayàwòrán gbọ́dọ̀ ráyè láàárín. Sony mi ò ní dígí yẹn nínú. Mílímítà 18 péré ni tirẹ̀. Òrùka irin lásán tó ga tó bíi mílímítà 27 ló ń dí àlàfo náà. Kò ní gíláàsì, kò ní wáyà. A kàn máa lọ sínú ètò kámẹ́rà, ká sọ fún un pé kó máa yà bí kò tilẹ̀ mọ lẹ́ńsì tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìṣirò mìíràn ló dùn mí. Ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú a6000 kéré sí fíìmù, nítorí náà 58mm á máa ríran bí 87mm. Etí àwòrán ni òyì tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ ra Helios ń gbé, etí yẹn gan-an sì ni kámẹ́rà mi ń gé dànù. Mo wá bi ara mi pé kí ni mò ń wá lára lẹ́ńsì yìí gan-an.

Fọ́tò màámi ni. Ó wà lára ògiri pálọ̀ wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú: ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó lórí àga ní sítúdíò kan ní Òṣogbo, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, bàtà rẹ̀ hàn, àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ọ̀dà yà sára aṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Awọ ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdín pa á. Kò sí fọ́tò kan tí mo ti yà tí awọ èèyàn dára tó bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé lẹ́ńsì àtijọ́ ló ṣe é.

Mo ká fọ́tò náà kúrò lára ògiri, mo gbé e lọ bá bàbá kan ní Ẹgbẹ́dá, àgbà ayàwòrán tó ti fẹ̀yìn tì. Yashica-Mat rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ó wo fọ́tò náà títí.

"Kámẹ́rà onílẹ́ńsì méjì ni wọ́n fi yà á," ó ní. "Ṣé o rí i bó ṣe dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Négétífù ńlá nìyẹn. Lẹ́ńsì ẹ̀ kì í ṣeé tú kúrò. A máa pa ojú ẹ̀ dé dé f/8, dé f/11, a máa tan iná ńlá méjì. Tó bá di alẹ́, mo máa gbé négétífù síwájú àtùpà, mo máa fi pẹ́ńsù tó mú tọ́ ojú wọn sí i. Ojú tó ń dán yẹn, pẹ́ńsù wà níbẹ̀."

Ara mi wálẹ̀. Helios ò lọ́wọ́ nínú ẹwà màámi rárá. Ẹbí ẹlòmíràn ni lẹ́ńsì tó wà ní Ìkòtún yẹn; mo fẹ́ rà á wálé kí n máa pè é ní bàbá mi àgbà.

Mo fi àwọn àwòrán tí wọ́n fi irú rẹ̀ yà hàn án lórí fóònù mi, àwọn tí ẹ̀yìn wọn ń pòyì. Bàbá mirí. "Ta ló máa sanwó èyí? Bí mo bá ya ìyá ìyàwó, tí ẹ̀yìn ẹ̀ di kùrukùru, ohun tó máa bi mí ni pé, àwọn èèyàn òun dà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Ẹ̀yìn ìyá ìyàwó kì í ṣe ẹ̀yìn lásán. Ẹgbẹ́ tó kó aṣọ ẹbí wà níbẹ̀, ìjòyè tó wá láti ìlú wà níbẹ̀, àbúrò tí wọ́n ti jà tẹ́lẹ̀ tó sì tún yọjú wà níbẹ̀. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn African Arts nípa àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá, Ìlá Ọ̀ràngún ni ó sì dúró lé jù. Ó mú ọ̀rọ̀ ìfarahàn, èyí tí onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Robert Farris Thompson ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń yẹ ère wò, wá sórí fọ́tò: kí gbogbo ara hàn kedere, kí ojú rí i. Ó tún sọ nípa fọ́tò ìbejì, bí ọ̀kan bá ti kú, tí ayàwòrán á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, tí á sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó tira wọn. Iṣẹ́ tí fọ́tò ń ṣe láàárín wa nìyẹn. Ó ń pe ẹni tí kò sí jókòó. Èmi wá fẹ́ máa lo ohun tó ń nu àwọn tó wà.

Ibẹ̀ ni ǹ bá fi ọ̀rọ̀ náà sí, bí kì í bá ṣe ohun tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́.

Ẹ wo àwọn pósítà òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti Ìkòtún dé Ìgàndó. Ojú bàbá tó lo ọgọ́rin ọdún láyé, inú káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n ti fà á tóbi. Ojú ìyá àgbà, inú fọ́tò òde ni wọ́n ti gé e, gèlè ẹlòmíràn ṣì kù léjìká rẹ̀. Èmi náà ti gé irú rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ kan wá bá mi lọ́jọ́rú, ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, fọ́tò kan ṣoṣo ló sì wà tí ojú bàbá wọn mọ́ nínú rẹ̀. Mo yọ gbogbo èèyàn kúrò, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ mẹ́ta kù léjìká bàbá, n ò mọ ti ta ni, n ò sì rí i yọ láìba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ìka mẹ́ta yẹn ò kúrò lójú mi títí dòní.

Àgbàlagbà máa ń jókòó. Fún wọn, ọwọ́ mi lè lọ́ra. Bí 58mm bá ń ríran bí 87mm, mo lè dúró níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, n ò ní máa mí sí wọn lójú. f/2 á gba ìmọ́lẹ̀ fàráńdà láìsí fíláàṣì àti jẹnẹrétọ̀. Lóòótọ́, oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú léèsì funfun á sọ àwòrán rẹ̀ di ẹ̀kọ tútù, torí ohun tí wọ́n fi bo gíláàsì rẹ̀ kò tó ti òde òní. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni a máa lò ó. Lẹ́ńsì tuntun náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n tuntun tó lajú tó bẹ́ẹ̀ gbà ju ìlọ́po mẹ́ta owó tí ọmọkùnrin Ìkòtún yẹn pè lọ, mo sì mọ ara mi: bí kámẹ́rà bá ti ń bá mi wá ojú, ṣe ni mo máa ń yà yà yà bí ẹni ń lé ọkọ̀.

Mo padà lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú lẹ́ńsì náà láti ẹ̀yìn, torí òjò Èkó kì í jẹ́ kí gíláàsì sinmi. Ó lè bu nínú bíi búrẹ́dì, kó ta òwú bíi ti aláǹtakùn, kó sì kó ran àwọn tó kù. Eruku díẹ̀ ni mo rí. Epo ti yọ sára àwọn abẹ pẹlẹbẹ tó ń pa ojú rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a fi ń yí ti 44-2, kò ní sípíríǹgì tí epo máa lẹ̀ mọ́. ₦52,000 la parí ẹ̀ sí, òkú Zenit wà nínú ẹ̀. Mo ra òrùka irin rẹ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Inú ike oúnjẹ tó ní ìdérí ni lẹ́ńsì náà ń sùn báyìí, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi tí mo kó nínú páálí bàtà.

Màámi ni mo kọ́kọ́ yà. Ó jókòó sórí àga ike ní fàráńdà ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Èmi kọ́ ni mo sọ fún un. Mo yí òrùka náà títí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ fi yọ. Ó mí, ó ṣú padà.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ò tíì yà á ni?"

"Ó ku díẹ̀, Mà."

Ẹnì kan kí i láti ìsàlẹ̀. Ó dáhùn, ó béèrè àwọn ọmọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún yíjú sí mi, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí orúnkún. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.